Jeremáyà ra ilẹ̀ nígbà tí ogun dó ti ìlú: ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run àti ìwé ilẹ̀

Olùkọ́_Ìjọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé Jeremáyà orí 32 la fẹ́ fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lóṣù tó ń bọ̀, níbi tí wòlíì ti ra oko ìbátan rẹ̀ ní Ánátótì nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká. Ohun tó jẹ́ ká mú ibẹ̀ ni ìbéèrè kan tó ń wá lemọ́lemọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀: ẹni tó tu owó jọ, tí ọ̀wọ́ngógó wá ń jẹ owó náà ní báǹkì, ṣé kó fi ra ilẹ̀ ni, àbí kó dì í mú, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la máa bí? Àwọn kan ní kó gbàdúrà kó sì rà á ní ìgbàgbọ́, pé yíyẹ ìwé wò kò yàtọ̀ sí iyèméjì. Àwọn mìíràn ní àdúrà ò kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀, lọ́yà ló kàn. Kí ni Jeremáyà ṣe gan-an? Èwo ló kọ́kọ́ ṣe, èwo ló ṣe kẹ́yìn, kí ló sì bá a mu nínú ilẹ̀ rírà lọ́dọ̀ wa lónìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i.

Òǹkàwé_Májẹ̀mú:
Bí orí yẹn ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ gan-an ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e.

Ọdún kẹwàá ìjọba Sedekáyà ọba Júdà ni, nǹkan bí ọdún 587 ṣáájú ìbí Kristi. Jeremáyà wà ní àhámọ́ nínú àgbàlá ẹ̀ṣọ́. Ìṣù búrẹ́dì kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fún un láti òpópó àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, títí búrẹ́dì fi tán nílùú (37:21). Ánátótì kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí Jerúsálẹ́mù, nítorí náà abẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni oko tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ wà.

Ẹ wo ẹsẹ 6 sí 8. Ọ̀rọ̀ Olúwa wá pé Hánámẹ́lì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ń bọ̀ wá ní kó ra oko òun. Jeremáyà ò ránṣẹ́ pè é. Ó dúró. Nígbà tí Hánámẹ́lì dé àgbàlá náà tó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, ìgbà náà ni Jeremáyà ní òun wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Olúwa ni. Ẹni tó ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbọ́ ohùn Ọlọ́run bá lè dúró de ìmúdájú, kí ló ń lé wa?

Ẹsẹ 9 sí 14 ni iṣẹ́ ọwọ́. Ó san ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún. Kò sí owó ẹyọ láyé ìgbà yẹn níbẹ̀, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé fàdákà lé. Ṣékélì kan tó nǹkan bíi gíráàmù 11.4, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 194. Ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn owó. Ẹ̀dà méjì ni: èyí tí wọ́n dì àti èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ó fi méjèèjì lé Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́ lójú Hánámẹ́lì, lójú àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí i, àti lójú gbogbo Júù tó jókòó sí àgbàlá. Ó ní kí Bárúkù kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́.

Ẹsẹ 16 ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dúró lé. Lẹ́yìn tó ti fi ìwé fún Bárúkù tán ni àdúrà gígùn inú orí yìí wá. Nínú àdúrà yẹn, ó ní: òkìtì tí ọ̀tá fi ń gba ìlú ti dé ara odi, ìwọ Olúwa sì ní kí n fi fàdákà ra oko? Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. A máa ń kọ́ àwọn èèyàn pé bí ọkàn wọn ò bá ti balẹ̀, Ọlọ́run ò sí níbẹ̀. Orí yìí kò tì wá lẹ́yìn lórí ìyẹn. Jeremáyà ṣe ohun tó dá a lójú pé Ọlọ́run sọ, ó ṣe é bó ṣe yẹ lábẹ́ òfin, ó wá kó ìdààmú rẹ̀ lọ bá Ẹni tó rán an.

Ọ̀dọ́_Agége:
Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí wòlíì ìjọ bá dìde níbi ìṣọ́ òru, tó ní Ọlọ́run ní kí lágbájá ra ilẹ̀ kan pàtó kí oṣù tó parí, ṣé kíkọ̀ kọ́ ni ìyẹn bó bá lọ ń wá lọ́yà?

Òǹkàwé_Májẹ̀mú:
Kì í ṣe kíkọ̀. Pọ́ọ̀lù ní ká má fojú tẹ́ńbẹ́lú àsọtẹ́lẹ̀, ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ká dán ohun gbogbo wò (1 Tẹsalóníkà 5:20-21). Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 13 tún wà níbẹ̀: ènìyàn Ọlọ́run kan gba àṣẹ tààrà pé kó má jẹun ní Bẹ́tẹ́lì, wòlíì àgbà kan wá parọ́ fún un pé áńgẹ́lì ti yí i padà, ó gbà á gbọ́ láìbéèrè, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà.

Ìdánwò mẹ́ta tó ṣe é lò nìyí. Àkọ́kọ́, ṣé ẹni tó sọ ọ́ máa jẹ nínú rẹ̀? Bí wòlíì náà tàbí ẹbí rẹ̀ bá ń gba owó ìbánitajà lórí ilẹ̀ yẹn, ẹ dá a dúró ná. Èkejì, ṣé ó fàyè gba kí ìwọ náà gbàdúrà kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò? Ìkánjú tí kò ní ìdí ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn mìíràn tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí wọn ò sì ní owó níbẹ̀ rí ohun kan náà? Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16:6-10, a dí Pọ́ọ̀lù lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì, ní Éṣíà àti ní Bítíníà, kó tó rí ìran ọkùnrin Makedóníà. Òun nìkan ló rí ìran, ṣùgbọ́n “àwa” ni ìwé sọ pé ó parí èrò sí i. Ẹnì kan ló rí i, gbogbo wọn ló jọ rò ó.

Ẹ má sì fi irun àgùntàn Gídíónì dán an wò, irú “bí ẹni tó ń tà á bá pè mí kí aago méjìlá tó lù, Ọlọ́run ni.” Ọlọ́run ti bá Gídíónì sọ̀rọ̀ kó tó tẹ́ irun àgùntàn (Àwọn Onídàájọ́ 6), ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìsọfúnni. Ẹni tó bá fẹ́ tajà yóò pè ọ́ kí aago méjìlá tó lù.

Awọnlẹ̀_Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kàn mí. “Mo ti gbàdúrà” kò sọ bóyá ilẹ̀ tí wọ́n mú èèyàn lọ wò ni ilẹ̀ tó wà nínú ìwé.

Gba ẹ̀dà ìwé survey lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó san kọ́bọ̀. Yan awọnlẹ̀ tìrẹ tó ní ìwé àṣẹ, má lo ti ẹni tó ń tajà. Yóò wo nọ́ńbà òpó àti nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà (coordinates) lórí ìwé náà, yóò sì lọ sórí ilẹ̀ wá àwọn òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ igun rẹ̀, èyí tí nọ́ńbà wà lórí wọn. Bí nọ́ńbà òpó bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ilẹ̀ ẹlòmíràn lẹ dúró lé. GPS ọwọ́ lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà, ó tó láti mọ̀ bóyá àdúgbò kan náà ni, kò tó láti fi pààlà.

Lẹ́yìn náà, yóò mú nọ́ńbà wọ̀nyí lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, Alausa fún Èkó, Agodi fún Ọ̀yọ́, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé “ìjọba ń yọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́,” ìjọba ló ṣì ni ín. Ìgbà tó bá jáde nínú gazette, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ló tó di ti ìdílé. Ní kí wọ́n fi gazette hàn ẹ́, kí o sì wò ó bóyá ilẹ̀ tìẹ bọ́ sínú àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń já èèyàn kulẹ̀: ọ̀rọ̀ “plọ́ọ̀tì.” Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 669 níbùú lóròó, 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bíi 465. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè méjèèjì. Iye mítà ni kí o béèrè, kí o sì rí i nínú ìwé.

Ìyá_Aláṣọ:
Ẹ jọ̀ọ́, bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí ńkọ́, tí dáwódù nìkan fọwọ́ sí i?

Agbẹjọ́rò_Agodi:
Mà, níbí gan-an ni ẹjọ́ ti ń pọ̀. Lábẹ́ òfin àṣà wa, olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà tó dúró fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn ìyókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn ìyókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò tiẹ̀ sí títà níbẹ̀ rárá. Béèrè bóyá ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀) tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n fi pín in, kí o lè mọ ẹ̀ka tó kù. Kí o sì béèrè àwọn ọmọbìnrin. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ọdún 1908, ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jẹ́ olórí ẹbí. Àǹtí tó wà ní ilé ọkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè, ló sábà máa ń padà wá pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ní ti ìyókù: jẹ́ kí lọ́yà rẹ yẹ ìwé wò ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, bóyá wọ́n ti fi yá owó ní báǹkì, kó sì tún béèrè ní kóòtù àdúgbò bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Bí olùtajà kò bá mọ̀wé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì kọ sínú ìwé pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ó lè sọ lọ́la pé òun ò mọ ohun tí òun tẹ̀ka sí. Gba báǹkì san owó, kí orúkọ ẹni tó gbà á bá orúkọ inú ìwé mu. Rìsíìtì nìkan kò tó: ìwé ìgbéfúnni ni wọ́n ń pè ní deed of assignment, ìyẹn sì nílò ìfọwọ́sí gómìnà lábẹ́ apá 22 òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978.

Àwọn Júù tó jókòó sí àgbàlá yẹn ló wù mí jù nínú ohun tí Òǹkàwé kọ. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ni ẹni tí ilẹ̀ wọn bá èyí tí o fẹ́ rà pààlà. Lọ kí wọn. Béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Wákàtí kan lọ́dọ̀ wọn lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ọdún mẹ́wàá ní kóòtù.

Alfa_Ìwó:
Àsàlámù àlékúmù. Bíbélì lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Áyà tó gùn jù nínú Kùránì, Súrà 2, áyà 282, orí ìwé kíkọ àti ẹlẹ́rìí ló dá lé: kí akọ̀wé kọ gbèsè sílẹ̀ lódodo, kí á pe ọkùnrin méjì ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin méjì, kí ó má sú wa láti kọ ọ́, ì báà kéré, ì báà tóbi, kí á sì pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń ṣe káràkátà. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́. Ta ló wá ní ìwé kíkọ jẹ́ àìnígbàgbọ́?

Istikhárà, ìyẹn àdúà tí a fi ń wá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run lórí ohun tí a fẹ́ ṣe, tí Ànábì kọ́ wa kò le. Rákà méjì tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, lẹ́yìn náà àdúà tí Jábírì, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, gbà wá nínú hádíìsì: pé bí nǹkan yìí bá dára fún mi nínú ẹ̀sìn mi, ìgbé ayé mi àti ìgbẹ̀yìn mi, kí Ọlọ́run rọ̀ ọ́ fún mi, bó bá burú, kó yí i kúrò lọ́dọ̀ mi, kó sì yí èmi náà kúrò níbẹ̀. Wàá dárúkọ nǹkan náà gan-an. Má kí i lẹ́yìn Súbúhì títí oòrùn yóò fi là, tàbí nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí gan-an, tàbí lẹ́yìn Ásírì títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ibi tí a ti ń ṣìnà pọ̀ díẹ̀. Àwọn kan ń dúró de àlá. Hádíìsì náà kò sọ̀rọ̀ àlá. Àwọn kan ń sanwó fún alfa kó bá wọn ṣe é. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni hádíìsì bá wí. Àwọn kan ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán. Súrà 3, áyà 159 to ó fún wa: gbìmọ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà pinnu, lẹ́yìn náà gbára lé Ọlọ́run. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ṣe ìkẹta níbẹ̀.

Oníṣirò_Owó:
Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan iye. Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò rẹ̀ (Lúùkù 14:28-30), ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ilẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Owó ìbánitajà àti ti lọ́yà lè jẹ́ 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 10, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́fà kí awọnlẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀, kí ìfọwọ́sí gómìnà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún gééré kò tíì ní owó ilẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún.

Ilẹ̀ kì í yára padà di owó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó oúnjẹ, ilé àti oògùn oṣù mẹ́fà wà lọ́tọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ìyókù. Má yá owó rà á: oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì máa ń ga ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lo fẹ́ san, ka ibi tí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oṣù kan bá yẹ̀, ohun tí wọ́n máa yọ bí o bá ní kí wọ́n dá owó padà, àti iye owó ìdàgbàsókè. Bí wọn ò bá kọ iye yẹn sílẹ̀, má fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ má bínú, ẹ̀rù ń bà mí pé a fẹ́ fi Jeremáyà polówó ilẹ̀. Kò jèrè kankan nínú oko yẹn. Ìlú ṣubú, wọ́n sì kó o lọ sí Íjíbítì lọ́ranyàn (43:6-7). Àmì ni ìwé ilẹ̀ yẹn jẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, pé a óò tún ra ilé àti oko níbẹ̀ (32:15). Ẹni tó bá fi orí yẹn ṣèlérí pé ilẹ̀ yóò gbówó lórí ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Òǹkàwé_Májẹ̀mú:
Òótọ́ pọ́ńbélé, ó sì yẹ kí Olùkọ́ sọ ọ́ báyìí gan-an. Ẹ fi èyí kún un: nígbà tí àwọn ìgbèkùn padà dé láti Bábílónì, lẹ́yìn àṣẹ Sírúsì ọba Páṣíà ní ọdún 538 ṣáájú ìbí Kristi, Ẹ́sírà 2:23 ka àwọn ọkùnrin Ánátótì tó wà lára wọn. Méjìdínláàádóje ni wọ́n. Jeremáyà kò fojú rí wọn.

Ìyá_Aláṣọ:
Kí ló dé tí ìwé fi jẹ́ méjì? Ṣé ìkan ò tó ni?

Òǹkàwé_Májẹ̀mú:
Nítorí ayédèrú ni, mà. Ní ọdún 1961, wọ́n rí ìwé obìnrin Júù kan tó ń jẹ́ Babatha nínú ihò àpáta nítòsí Òkun Òkú. Ìwé ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi ni, ẹ̀yìn ayé Jeremáyà gan-an ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ewé ìwé kan. Wọ́n á ká apá òkè pinpin, wọ́n á fi okùn dì í, àwọn ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìdì okùn wà. Apá ìsàlẹ̀ á wà ní ṣíṣí kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Bí ẹnì kan bá yí iye owó padà nínú apá tó ṣí, wọ́n á já okùn lójú adájọ́, wọ́n á fi méjèèjì wéra.

Agbẹjọ́rò_Agodi:
Ẹ̀dà tó wà ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ló dà bí èyí tí wọ́n dì yẹn lónìí. Bí iná bá jó tọwọ́ rẹ, o lè lọ gba ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, apá tó ṣí nìkan ló ní.

Ní ti ìkòkò amọ̀: má fi ẹ̀rọ lẹ ike bo ìwé ilẹ̀ pa (laminate). Ooru ẹ̀rọ yẹn lè ba òǹtẹ̀ jẹ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa lu òǹtẹ̀ tuntun sí i mọ́. Inú àpò ọ̀rá tó nípọn, níbi tí omi àti ikán ò lè dé, ti tó. Ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ lọ́yà, kí o sì sọ ibi tí ojúlówó wà fún ó kéré tán èèyàn méjì nínú ilé.

Olùkọ́_Ìjọ:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. A ó ka orí 32 látòkè délẹ̀, pẹ̀lú orí 43 tí Ọmọ_Ìjẹ̀bú mẹ́nu bà. Ìbéèrè kan ló kù: bí gbogbo ìwé bá pé, tí owó sì wà, ìgbà wo ló dára jù láti lọ wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀?

Awọnlẹ̀_Àgbà:
Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Wọ bàtà rọ́bà. Wo ibi tí omi dúró sí, wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí bóyá omi ti fi ilà sí i, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí o dúró dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó mú ẹ débẹ̀, lọ láìsọ fún un.